Ilé Tí A Fi Ṣe Ibi Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìlera ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ wọn nílé. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ bí ohun tuntun. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Datcha, àti ní gbogbo agbègbè Atakpamé, kì í ṣe ohun tuntun. Ilé ni àwọn ìyá wa ti ń yan gàrí. Ilé ni a ti ń se ọṣẹ. Ilé ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ti ń rán aṣọ.

Ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Datcha. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ a máa fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tó bá ń lọ sílé. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nílé ńkọ́? Iná, èéfín àti sódà ń bá wa gbé inú ilé kan náà, àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀. Ewu iṣẹ́ wa kì í ṣe ti àwa nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èéfín. Ìyá kan wà ní kíláàsì mi tó ń yan gàrí. Iwájú ló ń jókòó, síbẹ̀ kò rí lẹ́tà ojú pátákó dáadáa. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣomi. Àwọn kan rò pé kò tètè mọ ìwé ni. Nígbà tó gbé ààrò rẹ̀ kúrò nínú ilé ìdáná lọ sábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, ojú rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń kàwé.

Èéfín ń ṣe ju ojú lọ. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn bíi 3,200,000 ní ọdún 2020. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ yan gàrí níta. Igi gbígbẹ ni kí ẹ fi dáná, nítorí igi tútù ń rú èéfín púpọ̀. Ẹ jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ má pọn ọmọ nídìí ààrò. Omi tí ẹ fún lára gbágùúdá ní májèlé. Ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ mu ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ, sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà lórí, nítorí yóò gbóná, yóò sì ta síni lójú. Tó bá kan ara tàbí ojú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má fi omi sódà sínú ìgò ohun mímu láéláé. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ á rò pé omi ni. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fi epo pupa tàbí ohunkóhun mú un bì. Ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, “Owó dà?” Gbígbé ààrò síta kò náni lówó tó oògùn. Ọjọ́ tí ẹ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ni yóò gbé gàrí lọ sí ọjà Atakpamé?

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Lálẹ́ òní, ẹ mú ẹfun, kí ẹ kọ SÓDÀ gàdàgbà sára ike rẹ̀, kí àgbàlagbà lè kà á. Ọmọ kékeré kò mọ̀wé. Nítorí tirẹ̀, ẹ gbé ike náà sókè, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn.