Ìlù Ni Mo Kọ́kọ́ Gbọ́



Ilé àyàn ni wọ́n ti bí ìyá mi, ṣùgbọ́n ìdí dùùrù ni wọ́n fi mí sí ní kékeré. Nígbàkúùgbà tí mo bá ń fi ọwọ́ òsì tẹ ohùn kan léraléra bí onígúdúgúdú, olùkọ́ mi a fi igi gbá mi níka: "Dùùrù kì í ṣe ìlù!" Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Nígbà tí bàbá àgbà pè mí pé kí n wá kọ́ gúdúgúdú lọ́dọ̀ àwọn, mo kọ̀. Wọ́n sì wọ káà ilẹ̀ lọ láìpẹ́ sí i.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó lọ kí àbúrò mi tí ń kàwé ní Bergen, ní ilẹ̀ Nọ́rwèy. Ó mú mi lọ sí gbọ̀ngàn Grieghallen láti gbọ́ ẹgbẹ́ olórin ìlú náà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1765. (Ọ̀yọ́ Ilé kò tíì tú nígbà náà!) Finlandia, iṣẹ́ Sibelius ará Fínlándì, ni wọ́n fi ṣíde. Ó dùn, ariwo fèrè rẹ̀ sì pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí dùùrù ńlá dúdú kan síwájú. Orin tí Edvard Grieg, ọmọ bíbí Bergen, kọ fún dùùrù àti ẹgbẹ́ olórin ní 1868 ni ó kàn. Ẹni ọdún 24 péré ni nígbà náà. Dùùrù ni mo ń retí. Ìlù ni mo gbọ́! Timpani, ìlù tí ó rí bí gúdúgúdú tí wọ́n sọ di ìkòkò àsè, ni ó kọ́kọ́ kùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, tí ohùn rẹ̀ ń ga sí i, ń ga sí i, kí dùùrù tó bú jáde, tí ó sì ya wálẹ̀ bí omi orí àpáta.

Ìpín kẹta ni omi bọ́ lójú mi. Grieg gbé ijó halling wọ inú rẹ̀, ijó àwọn ará oko Nọ́rwèy, nínú èyí tí ọkùnrin a máa fò sókè, tí yóò fi ẹsẹ̀ gbá fìlà bọ́ lórí ọ̀pá. Obìnrin tí ó jókòó sídìí dùùrù ń lù ú kíkankíkan bí ẹni mú ọ̀pá ìlù dání. Kò sí ẹni tí ó gbá a níka.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tí wọ́n papò dà ní 2020, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a lè tẹ dùùrù bí ẹni ń lu ìlù ilẹ̀ wa. Mo ti kà á, n kò kà á sí. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ ará Nọ́rwèy! Grieg kò tijú ijó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo tijú ìlù bàbá ìyá mi.

Lóru ọjọ́ náà, mo tẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi láago, mo bèèrè gúdúgúdú bàbá. Wọ́n ní eku ti jẹ awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ṣì wà lájà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná.