Títú Áàsù Ẹ̀yìn Morris Minor

Ẹni tí ó bá gbọ́njú ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó kí ọdún 1970 tó dé yóò rántí Morris Minor. Ọkọ̀ kékeré ni, ó rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Alec Issigonis ni ó ṣètò bí yóò ṣe rí, ilé iṣẹ́ tó wà ní Cowley, ní ìlú Oxford, ni ó sì ti ń jáde. Kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1971, iye tí wọ́n ṣe ti lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn awakọ̀ takisí fi jẹun ní ilẹ̀ Yorùbá. Tíṣà tàbí akọ̀wé tí ó bá ní in nígbà náà, ẹni ńlá ni ládùúgbò.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní ẹ̀yìnkùlé agboolé kan ní Abẹ́òkúta. Bàbá tí ó ra ọkọ̀ náà ti di olóògbé. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni ó jogún ìtọ́jú rẹ̀. Adìyẹ ti ń yé sí orí àga ẹ̀yìn. Irin tí a lè wọ̀n tà lásán ni àbúrò rẹ̀ kà á sí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ra irin àlòkù wà ní títì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, kí ẹ̀yìnkùlé lè mọ́."

Ẹ̀gbọ́n kò bá a jiyàn. Ó tẹ́ ẹní, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ibi tí wọ́n ti so sípíríìnì ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀ dé egungun. Ẹni tó mọ Morris Minor mọ̀ pé ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí: wọn a kun òde rẹ̀ kí ó máa dán, sípíríìnì a sì fẹ́ yọ lábẹ́. Wẹ́dà kò lè rí ibẹ̀ jó dáadáa àfi bí sípíríìnì àti áàsù bá kúrò lọ́nà.

Áàsù ẹ̀yìn ni irin gbọọrọ tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ó ní ìkòkò irin kan láàárín. Inú rẹ̀ ni àwọn jíà eléyín wà, tí ń gba agbára ẹ́ńjìnì láti ara ọ̀pá ṣáàfù, tí wọ́n sì ń pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ní kí a tú u nítorí pé ọ́ìlì ń jò sí ìdí táyà. Àṣejù ni. Ọ̀pá inú rẹ̀ ṣe é fà yọ láti ẹ̀gbẹ́, kí áàsù fúnra rẹ̀ má kúrò níbi tó wà.

Ohun tí ó ń pa ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí ni yóò gbé ọkọ̀ dúró nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò? Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè ni, kì í gbé e dúró. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n náà, akẹ́kọ̀ọ́ SS2, ti kó búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì mẹ́rin wá. Bàbá àgbà rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ fún ẹni tó wà lábẹ́ kí ó tó fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń wó. Wọ́n yá ìdúró irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì lọ́wọ́ wẹ́dà. Wọ́n fi òkúta há táyà iwájú níwá lẹ́yìn, wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sókè. Ibi tí irin ara ọkọ̀ ṣì ti le, níwájú sípíríìnì, ni wọ́n ki ìdúró náà bọ̀. Bàbá àgbà fi èjìká ti ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mì. Ìgbà yẹn ni ó tó jẹ́ kí ọmọ náà wọ abẹ́ rẹ̀.

Sípánà ni ó kọ́kọ́ dá wọn dúró. Íǹṣì ni wọ́n fi wọn nọ́ọ̀tì ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un. Mìlímítà ni ti Toyota tó kún ìgboro. Sípánà onídajì íǹṣì fẹ̀ ní mìlímítà 12.7, bí a bá fi 13 dípò rẹ̀, yóò wọ nọ́ọ̀tì, yóò máa yọ̀, yóò sì ba igun rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ àga iwájú, nínú àpótí irinṣẹ́ olóògbé, ni wọ́n ti rí àwọn tó bá a mu, tí a fi àkísà kan wé, tí gírísì ti gbẹ mọ́ ọn lára. Àbúrò, tí ó wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ni ó dá aṣọ náà mọ̀.

"Ẹ̀wù iṣẹ́ Bàámi nìyí," ni ó wí, ó sì dákẹ́.

Kí wọ́n tó tú bóòtì mẹ́rin tó so ọ̀pá ṣáàfù mọ́ áàsù, wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí ojú méjèèjì, kí wọ́n lè dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n tú páìpù oníróbà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sẹ́yìn, wọ́n sì gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí ọ́ìlì yìí a máa bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Okùn bíréèkì ọwọ́ àti apá ṣọ́ọ̀kì kò yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn yúbóòtì tó de áàsù mọ́ sípíríìnì ni kò gbọ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ta epo sí wọn. Èyí tó le jù, ayùn irin ni wọ́n fi gé e. Kò sì sí àdánù níbẹ̀, nítorí yúbóòtì tó ti gbó bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní dídá padà.

Lára Morris Minor, orí sípíríìnì ni áàsù jókòó sí. Bí yúbóòtì bá kúrò, áàsù kò tíì lè bọ́ sílẹ̀ àfi bí a bá tú ìdí sípíríìnì lẹ́yìn, kí òun náà lè sọ̀kalẹ̀. Jáàkì ni ó gbé ìkòkò àárín, ìkòkò yẹn wúwo, ó sì ń fẹ́ yí. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ọmọ náà nawọ́ sí òsì, ṣùgbọ́n àbúrò ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dì í mú.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń bọ̀."

"Má ki ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ o. Ìwọ náà rọra."

Wọ́n fà á jáde, wọ́n gbé e sórí pákó lábẹ́ igi máńgòrò. Wẹ́dà dé nírọ̀lẹ́, ó fi sukudiráfà gún ibi ìpẹtà, ó sì wọlé dé èèkù. Ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe.

Ọmọ náà kó bóòtì sínú agolo mílíìkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń lẹ pépà mọ́ wọn. Ó gbé irin pẹlẹbẹ kan sókè, èyí tó so ìdí sípíríìnì mọ́ ara ọkọ̀.

"Bàbá àgbà, kí ni kí n pe èyí?"

"Kọ 'ìdè sípíríìnì, ẹ̀yìn, apá òsì.'"

Àbúrò ní kí ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, nítorí ojú àwọn kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.