Kẹ̀kẹ́ tí Owó Orí Bá Wa Rà

Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fún òṣìṣẹ́ láǹfààní láti ra kẹ̀kẹ́ ológeere láti inú owó oṣù rẹ̀ kí owó orí tó fọwọ́ kan owó náà. Cycle to Work ni orúkọ ètò náà, ọdún 1999 sì ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin gbé e kalẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Àwa ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mélòó kan tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti yẹ ètò náà wò fínnífínní, nítorí owó ọkọ̀ ń gbọ́n àpò wa gbẹ. Ní ọdún 2025, ẹ̀ẹ̀kan tí ènìyàn bá wọ bọ́ọ̀sì, £1.75 ni; ọkọ̀ ojú irin wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń pàdé, a sì lo ìpàdé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí olúkúlùkù gbé ìwé owó oṣù rẹ̀ sórí tábìlì. A kọ ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ nípa òfin àti ọrọ̀ ajé.

Kí ó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí a fi tilé ṣe àpẹẹrẹ. Ní Bẹ̀nẹ̀, a ń yọ ITS àti owó CNSS kúrò lára owó òṣìṣẹ́ kí ó tó kàn án lọ́wọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, owó orí àti owó National Insurance ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Lórí owó tí ó bá lé ní £12,570 lọ́dún, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń san ìdá 20 nínú 100 fún owó orí, àti ìdá 8 fún National Insurance. Nínú ètò kẹ̀kẹ́ yìí, agbanisíṣẹ́ ni ó ń ra kẹ̀kẹ́, òun ni ó ni ín, òṣìṣẹ́ ń yá a lò ni. Òṣìṣẹ́ á fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dín owó oṣù òun kù, oṣù 12 ni ó sábà máa ń jẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì dípò ohun tí wọ́n dín. Owó tí ènìyàn kò gbà, ìjọba kò lè bu owó orí lé e. Ibẹ̀ ni èrè ti wá. Agbanisíṣẹ́ kò pàdánù níbẹ̀. Òun náà bọ́ lọ́wọ́ National Insurance tirẹ̀ lórí owó náà, èyí tí ó di ìdá 15 nínú 100 ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ni ó kọ́kọ́ wọ inú ètò náà. Ó yan kẹ̀kẹ́ kan, ó fi akoto, iná àti àgádágodo kún un, nítorí òfin gba gbogbo wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,000. Lóṣooṣù, wọ́n dín £83.33 kù nínú owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi dínkù nígbà tí owó dé ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ £60 péré. Nígbà tí ọdún yí po, £720 ni kẹ̀kẹ́ £1,000 ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ó parí síbẹ̀ kò tíì ka ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kò tíì di tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ kí ó di tòun, ó gbọ́dọ̀ rà á ní iye tí ó tọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba á ka ẹ̀dínwó náà sí owó iṣẹ́, á sì bu owó orí lé e. Ilé iṣẹ́ owó orí ti fi iye sílẹ̀: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà ní £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì tó ìdá 25 nínú 100 iye rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 17 lẹ́yìn ọdún méjì, ìdá 12 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 7 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ra kẹ̀kẹ́ náà ní kété tí oṣù 12 pé, yóò san £250, nínú £280 tí ó jèrè yóò sì ku £30. Ọgbọ́n tí àwọn alágbàtà ètò náà dá ni pé kí ó san £70 sílẹ̀, kí ó máa lo kẹ̀kẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta sí i láìsan ohunkóhun mọ́. Bí ọdún mẹ́rin bá pé, £70 yẹn á di owó kẹ̀kẹ́. Báyìí ni gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ £790, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ £210. Owó gidi ni, a kò ní pè é ní kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ìpolówó tí a rí kọ 28 gàdàgbà sókè, wọ́n sì fi 7 pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Àwọn ìlànà yòókù kò gba àlàyé gígùn. Ìrìn iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú ohun tí a ń fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe. Ẹni tí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù 12 tó pé yóò san ìyókù láti inú owó tí wọ́n ti yọ owó orí rẹ̀ tán. Kí aboyún sì ṣọ́ra, nítorí owó oṣù tí ó ti dínkù ni wọn yóò fi ṣírò owó ìsinmi ìbímọ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn méjì mìíràn nínú wa ni ìpàdé gbóná. Àbúrò wa obìnrin kan ń tọ́jú ọ́fíìsì; aago márùn-ún òwúrọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò tíì ṣí. Bí kẹ̀kẹ́ bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, òun ni. Ó kọ̀wé sí àwọn agbanisíṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ìwé náà padà. Owó rẹ̀ nígbà náà jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan, iye yẹn gan-an sì ni owó tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà fún àgbàlagbà nígbà náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí SMIG ti rí nílé. Kò sí àdéhùn tí ó lè mú owó òṣìṣẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ìbáà ṣe nítorí kẹ̀kẹ́. A kò bínú sí òfin yìí o. Agbanisíṣẹ́ tí a bá gbà fún láti dín in kù nítorí kẹ̀kẹ́ lónìí, nítorí aṣọ iṣẹ́ ni yóò dín in kù lọ́la.

Ẹnì kejì jẹ́ ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri láti ọ̀sán títí di òru. Kẹ̀kẹ́ ni oko rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni ọjà rẹ̀. Ètò náà kò mọ̀ ọ́n rárá, nítorí lójú òfin, òun ni ọ̀gá ara rẹ̀, kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò bá a ra nǹkan. Ó lè ka owó kẹ̀kẹ́ mọ́ ìnáwó òwò nígbà tí ó bá ń ṣírò owó orí rẹ̀ lópin ọdún, ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ wá gbogbo owó náà. Ẹ wá wo ẹnì kan nínú wa tí ó jẹ́ ẹnjiníà, tí owó rẹ̀ lé ní £50,270 lọ́dún: ìdá 42 nínú 100 ni ètò náà dá sí fún un, £420 lórí kẹ̀kẹ́ £1,000 kan náà. Ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí.

Àgbà kan pariwo pé ìwà ìkà ni. Ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ ìṣirò owó dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ má bínú, bàbá. Ìdáríjì owó orí kò lè dá ohun tí wọn kò gbà padà." Ó wá bá wa ṣírò tilé. Láti ọdún 2023, SMIG ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000 faransi CFA lóṣù, ITS kò sì kan owó tí kò bá ju 60,000 lọ. Bí a bá gbé irú òfin yìí wá sílé bí ó ti rí, èrè òṣìṣẹ́ SMIG lórí ITS yóò jẹ́ òfo, nígbà tí ẹni tí ń gba 600,000 yóò rí ìdá 30 nínú 100 gbà padà lórí owó rẹ̀ tí ó lé ní 500,000. Kí a má tilẹ̀ sọ ti àwọn tí ń tajà ní Ouando tàbí ti àwọn zémìjàn, tí wọn kò ní ìwé owó oṣù kankan. Àwọn ará wa tí ó wà ní Faransé sọ pé tiwọn yàtọ̀: láti ọdún 2020, agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ lè san owó fún ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ wá síṣẹ́, tí ìjọba kò ní bu owó orí lé e, ó sì lè tó 600 euro lọ́dún ní 2025. Wọ́n ń fi kún owó ni, wọn kì í dín in kù, nítorí náà ó lè kan ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n tinútinú agbanisíṣẹ́ ni. Ní tiwa, bí a bá ní láti yan ọ̀kan fún Bẹ̀nẹ̀ tàbí Togo, ti Faransé ni a ó mú.

A padà sí ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ kí òfin kankan tó dé: èsúsú, èyí tí púpọ̀ nínú yín ń pè ní tontine. Ènìyàn mẹ́jọ ni wá, £50 lóṣù, £400 fún ẹni tí ó bá kàn. Dípò kí a ṣẹ́ kèké bí a ti máa ń ṣe, a ní kí àbúrò tí ń tọ́jú ọ́fíìsì kọ́kọ́ gbà, kí ọmọ Àjàṣẹ́ tẹ̀lé e, kí àwọn tí ètò ìjọba ti ràn lọ́wọ́ gbẹ̀yìn. Ẹnjiníà kò fẹ́ gbà. Ó ní owó orí òun ni òun gbà padà, òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, òótọ́ sì ni ó sọ. A bẹ̀ ẹ́, ó gbà láti jẹ́ ẹni kẹrin.

Àbúrò wa ra kẹ̀kẹ́ àlòkù ní £230 ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún wọn ṣe, ó fi £45 ra àgádágodo tí ó nípọn, ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sílé. Owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń jẹ́ £17.50 lọ́sẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ náà yóò ti san owó ara rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 16 tó pé. Oṣù tí ń bọ̀ ni ti ọmọ Àjàṣẹ́. Ó ti rí èyí tí ó wù ú, bíréèkì rẹ̀ dára, ẹ̀yìn rẹ̀ sì le tó láti gbé ẹrù. Ó bẹ olùtajà pé kí ó bá òun gbé e pamọ́ di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́.