Ọmọdé Ṣubú, Ó Wo Iwájú

Àwọn àgbà ni wọ́n pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá, apá kejì òwe yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́. N óò ní ọmọdé ń wo iwájú nítorí pé ó ń retí ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Bí mo ti ń là á yé wọn nìyí: ọmọdé ni aláìmọ̀kan, àgbà ni ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún 2024 tí ó mú mi tún òwe náà yẹ̀ wò, òun ni mo sì fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mo kó ìyàwó àti ọmọ lọ ní ọdún 1987, nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí owó tíṣà lè rà. Ní ọdún 1993, ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12, àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ọmọ náà fẹ́ràn kàtúùnù Voltron tí wọ́n máa ń ṣe lórí NTA débi pé bí iná ọba bá lọ kí ó tó parí, oúnjẹ alẹ́ kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ní ọjọ́ kan mo ń wá ìwé ìṣirò rẹ̀, jọ́tà kan ni ọwọ́ mi bà. Ó ti ya àwòrán kún un láti èèpo dé èèpo. Dánfó ni ó yà, kò ní táyà, ó ń fò lókè ọjà Ìkọ̀tún. Kọ́ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń pe èrò. Lábẹ́ àwòrán náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù ń sọ sí, ó sì pín ìtàn náà sí apá méjìlá bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọn yóò fi ṣe é.

Mo pè é. Mo bi í pé kí ni èyí. Ó ní, 'Bàbá, irú èyí ni mo fẹ́ máa kọ fún tẹlifíṣọ̀n bí mo bá dàgbà.' Mo ní kí ó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa tí ó ń jẹun nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí ẹnì kankan dárúkọ. Ni mo bá fa jọ́tà náà ya sí méjì, mo tún yà á sí mẹ́rin. Ọmọ náà kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn ìwé náà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn jáde. Láti ọjọ́ náà n kò rí i kí ó ya àwòrán mọ́. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó, ó yege, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí ní ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ènìyàn ni ó ń kí mi pé mo tọ́ ọmọ.

Ní December 2024 ó wálé. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí èmi àti ọmọ ọmọ mi wá wo nǹkan. Eré aláwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Iwájú ni, apá mẹ́fà, tí ilé iṣẹ́ Disney gbé jáde ní ọjọ́ 28, oṣù February, ọdún 2024. Èkó ti ọjọ́ iwájú ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọbìnrin kékeré kan, Tọ́lá, ń gbé ní Erékùṣù pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tí ó lówó. Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà wọn, ṣùgbọ́n Méńláǹdì ni ilé rẹ̀ wà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí ọmọ olówó gbé láti gba owó. Nítorí èyí ni bàbá Tọ́lá fi ṣe alángbá róbọ́ọ̀tì kan tí ó ń jẹ́ Ọtín, kí ó máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó jókòó tì í. Bí mo ti ń wò ó, ara mi kò rọ̀ mí.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú ọ̀run Èkó, àkọ́bí mi kò wo ojú mi. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, 'Wọ́n kúkú fi ọkọ̀ fò ní Èkó náà, Bàbá.'

N kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí ó sọ ìtàn ẹni tí ó ṣe é fún mi. Olúfikáyọ̀ Adéọlá ni, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ziki Nelson. Òun ni ó darí eré náà, òun pẹ̀lú Halima Hudson ni wọ́n sì kọ ọ́. Ó ti sọ ní gbangba pé àlá ìgbà èwe òun ni eré náà, àti pé ọ̀gbun tí ó wà láàárín olówó àti tálákà ní Èkó ni ó wà nídìí rẹ̀. Òun àti Tolú Ọlọ́wọ́fóyèkù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Tao of Otaku, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú kàtúùnù àti ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n fẹ́ràn. Láti ibi ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ti bọ́ sí ṣíṣe ìwé ìtàn aláwòrán tiwọn. Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda, dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì sọ ilé iṣẹ́ náà ní Kugali.

Ní ọdún 2019, BBC fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Hamid la ẹnu, ó ní àwọn yóò na Disney ní àlùbolẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ọmọdé gan-an ni! Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ni ó sọ ọ́, ǹ bá ti fi ìfọ́tí pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé etí Jennifer Lee tí ó jẹ́ olórí níbi tí Disney ti ń ṣe eré aláwòrán nígbà náà, kò sì bínú. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní December 2020 ni Disney kéde fún gbogbo ayé pé àwọn àti Kugali yóò jùmọ̀ ṣe Iwájú. Hamid ni ó ṣètò bí ìlú inú eré náà yóò ti rí lójú, Tolú ni ó ń ṣọ́ àṣà àti èdè kí wọ́n má baà ṣì í gbé, Ré Olúnúgà ni ó sì kọ orin rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n gba ara mi rò díẹ̀. Ìbéèrè tí mo bi ọmọ mi ní ọdún 1993 kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1959 ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìtàn ìyanu kò sì ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1938 ni Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n inú igbó ni ìyanu tiwa ń gbé, ayé àtijọ́ ni ó sì ti ń wá. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé Fágúnwà, n kì í rò ó pé ìyanu lè wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀yìn ni mo kọjú sí.

Mo tún rò ó wò pé kò sí ilẹ̀ tí iṣẹ́ yìí ti ní ọ̀nà tààrà. Gene Roddenberry tí ó dá Star Trek sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, awakọ̀ òfuurufú ni lákòókò ogun, ó sì ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Los Angeles kí ó tó di òǹkọ̀wé tẹlifíṣọ̀n. Tádé Thompson, ọmọ Yorùbá tí ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ọdún 2019 fún ìwé rẹ̀ Rosewater, dókítà oníṣègùn ni. Bí bàbá àwọn wọ̀nyí bá bi wọ́n ní irú ìbéèrè tí mo bi ọmọ mi, àwọn náà ì bá má rí orúkọ dá. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ la ọ̀nà kò lè rí ipasẹ̀ ẹlòmíràn fi hàn bàbá rẹ̀.

Èmi ò ní tìtorí ẹ̀bi tí mo jẹ sọ pé eré náà kò lábùkù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yorùbá kàn ń yọjú ni. Ó dùn mí, nítorí pé èdè wa ti múra sílẹ̀ de irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ibi tí ojú kọ sí ni à ń pè ní iwájú, ọjọ́ tí kò tíì dé náà ni à ń pè ní iwájú. Yorùbá kò ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọjọ́ tí ń bọ̀ wà níbi tí ojú lè rí. Jọ́tà ọmọ mi, Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Èyí ni ó dùn mí jù. Èmi tíṣà Yorùbá ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á ya.

Ohun kejì ni pé Kọ́lé, ọmọ Méńláǹdì, ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa ni. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì kọjá ní Ìgàndó yóò rí àkìtàn Solous, níbi tí a ti ń kó pàǹtírí Èkó dà sí. Yóò sì rí àwọn tí ń ṣa irin àti ike nínú rẹ̀ láti fi jẹun. Ó lè jẹ́ pé láàárín wọn ni ẹni tí ó lè tú rédíò, kí ó sì tò ó padà láìkọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, wà. Adéọlá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sínú ọjọ́ iwájú. Èmi tí mo ń gbé láàárín wọn kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí èyí tí ó wà nínú ilé mi.

Ní ọ̀la tí àkọ́bí mi yóò padà, mo pè é sí yàrá. Mo ní, 'Ọ̀rọ̀ jọ́tà ọjọ́sí, mo ṣì í. Dárí jì mí.' Ó dọ̀bálẹ̀ kíá, ó ní, 'Ẹ má bẹ̀ mí, Bàbá. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe náà ni ó ń bọ́ ọmọ mi.' Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ náà kò dun òun. Ọmọ tí a kọ́ kì í fi irú ìyẹn lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní ṣé àwọn ìwé yẹn ṣì wà. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọnù.

Mo ti wo ẹ̀yìn, mo sì ti rí ohun tí ó gbé mi ṣubú. Ìbẹ̀rù ni, tí mo ń pè ní ọgbọ́n. Nísinsìnyí mo mọ ìdí tí òwe àwọn àgbà fi ní apá méjì: bí àgbà nìkan bá ń wò, ta ni yóò rí ibi tí à ń lọ? Ọmọ ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya alángbá sára ògiri pálọ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ nà án. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, mo sì rán an lọ ra jọ́tà.