Òkè Ààrẹ Lọ́jọ́ Tí Wọn Kì Í Dáná

Fọ́tò Láyípo, ilé gogoro orí Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn, pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ilé gogoro láàárín, ọ̀run aláwọ̀ aró lẹ́yìn, oòrùn ọ̀sán gangan lórí. Òun ló wà nínú ìwé pẹlẹbẹ àwọn tó ń polówó ibi ìgbafẹ́, òun ló wà lára kàlẹ́ńdà. Ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí á rò pé ọjọ́ kan péré ló wà nínú ọdún wa, pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, pé ọyẹ́ kì í fẹ́ débẹ̀. Òkè tó gbé ilé náà rù kì í tilẹ̀ sí nínú fọ́tò ọ̀hún.

Ká yára ka ìwọ̀n rẹ̀, ká lè ráyè sọ ọ̀rọ̀. Ilé gogoro náà ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, ajẹ́lẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi sí Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn tí Ìbàdàn bá wọn ṣe ní 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń lọ́ yípo bó ṣe ń gòkè, ó sì há débi pé bí ẹni tó ń gùn bá pàdé ẹni tó ń sọ̀, ọ̀kan ní láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Bower yìí kan náà ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Àwọn tó ń júwe ilé náà fún àlejò kì í sábà dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn wọn.

N ò bá òkúta jà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé òkè yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta lé e lórí. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kú sí ibùdó ogun Kírìjì ní 1885, ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ làwọn jagunjagun ti ń wo ìsàlẹ̀, kí ọ̀tá má bàa ká ìlú mọ́lé. Ojú èèyàn ló kọ́kọ́ ṣe fìtílà lórí òkè yẹn.

Àsìkò lè yí ilé gogoro padà. Lẹ́bàá adágún Michigan ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní St. Joseph, ilé gogoro oníná kan wà tó ń júwe ọ̀nà èbúté fáwọn ọkọ̀ ojú omi. Tó bá di ìgbà òtútù, ìjì á máa da omi adágún lé e, omi á sì dì mọ́ ọn títí a ò fi ní rí ara ilé mọ́. Àwọn ayàwòrán a máa rin ọ̀nà jíjìn torí ìgbà yẹn. Wọ́n mọ̀ pé ilé tí wọ́n yà nígbà ooru náà ni, wọ́n sì mọ̀ pé fọ́tò rẹ̀ ti di òmíràn. Àwa kò ní omi dídì. Ọyẹ́ la ní, òkun tiwa sì ni òrùlé páànù tó tẹ́ nísàlẹ̀ òkè.

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ẹ lè dúró lórí Láyípo láàárọ̀ kí ẹ má rí Ilé Kòkó rárá, ilé tó ga tó mítà 105, tó ti wà níbẹ̀ láti 1965. Gbọ̀ngàn Màpó á yọ díẹ̀. Ọjàaba á di ohùn lásán, ẹ ó máa gbọ́ ìpè àwọn ọmọ ọkọ̀ láìrí ọkọ̀. Oòrùn á jáde láìní ìtànṣán, ẹ lè tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í fẹ́ gbé kámẹ́rà jáde lásìkò yìí nítorí eruku. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń gé ìlú kúrú, ó ń dá a padà sí ìwọ̀n tí ojú olùṣọ́ ayé Látòósà lè ká.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tún ń ṣí ìlú payá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí páànù tó dípẹtà ṣe ń ṣe, torí àwọn tí kò wò ó pẹ́ ló ń pè é ní àwọ̀ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku á bo ìpẹtà, gbogbo rẹ̀ á rí rẹ́súrẹ́sú. Bí òjò bá kọ́kọ́ kàn án, ibi tí ẹ̀kán kán sí á dúdú, ibi tó kù á ṣì funfun. Kò ní pẹ́ tí gbogbo òrùlé á fi pọ́n bí epo tuntun, tí omi á máa gba ojú ìlà páànù ṣàn lọ sí ọ̀sọ̀rọ̀. Tí òjò bá wá dá tí oòrùn tún yọ, ooru á máa rú sókè láti àdúgbò Bẹẹrẹ títí dé Beyerunka. Ẹni tí kò bá tíì gun àtẹ̀gùn nígbà yẹn ti pẹ́.

Nínú oṣù Keje, kùrukùru ló ń jókòó sórí òkè, n ò sì ní ohun tí mo fẹ́ wí nípa rẹ̀. Oṣù Kẹjọ, tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ́ rẹrẹ láìsí òjìji. Àwa ọmọ àdúgbò Òkè-Àdó kì í gbádùn ìparí oṣù yẹn ṣá. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo bèbè, omíyalé tí a ń pè ní Omíyalé Ògùnpa. Bí sánmọ̀ bá ṣú ní àsìkò náà títí dòní, àwọn àgbà ládùúgbò wa á kọ́kọ́ gbójú sókè ná.

Àmọ́ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí ni ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn. Ẹ mọ ìtàn Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó, bó ṣe fi òro àti ìgbín gbé ẹ̀mí ró lórí òkè. N ò ní tún un sọ. Ẹ mọ orin èébú tí wọ́n ń kọ kiri ìgboro, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ bínú. Orin yẹn làwọn oníròyìn ń lọ ká sílẹ̀ lọ́dọọdún. Èèwọ̀ ọjọ́ náà ni wọn ò kọbi ara sí: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dáná. Ọjà á tì, ààrò á tutù. Láti òru ni ìyá bàbá mi ti máa ń da omi sí eérú. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, á tún wọ́n díẹ̀ sí i, á tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kọ àná la fi ń lo ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ rí iná mọ́.

Láyé ìyá bàbá mi, ẹni tó bá wà lórí Òkè Ààrẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà máa ń rí ohun tí kò sí lọ́jọ́ mìíràn, Ìbàdàn láìsí èéfín. Igi ni ìgboro fi ń dáná nígbà náà. Láràárọ̀, èéfín á dìde láti àgbàlá dé àgbàlá, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì bo páànù títí oòrùn á fi ga. Lọ́jọ́ Òkèbàdàn, etí òrùlé kọ̀ọ̀kan á dá yàtọ̀, òpó Màpó á hàn ketekete, ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n sá sí àgbàlá àwọn ẹlòmíràn.

Èèwọ̀ náà kò tíì kú. Abọkè, àwòrò Òkèbàdàn, ṣì ń ṣe ètùtù, àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń pa ààrò. Ṣùgbọ́n gáàsì ló wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Ẹni tó bá tan án nínú kíṣìnì tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ta ni yóò mú un? Jẹnẹrétọ̀ ló wá ṣe é tán. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ òkè léèrè bí kò bá mọ̀ pé ọjọ́ Òkèbàdàn ni. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní ká má dáná ni, wọn ò ní ká má tan jẹ́n." Mo rẹ́rìn-ín. N ò rí èsì kankan fún un títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn ìwé ìpolówó ní orí òkè méje ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí. Ẹ ka Màpó, Òkè Ààrẹ, Òkè Sápátì, Òkè Àrẹ̀mọ, Òkè Ofà, Òkè Pàdí, Òkè Bọ́là àti Òkè-Àdó tiwa: ó ti di mẹ́jọ, a ò sì tíì dákẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá gun Láyípo á rí gbogbo ìlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní 1936. Lónìí, ìlú ti gba ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà Ìwó lọ, ojú ò ká òpin rẹ̀ mọ́. Ìlú àtijọ́ la ń rí, páànù tó dípẹtà, òun náà sì ń dín kù lọ́dọọdún torí páànù aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé ń gba ipò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dáa fún onílé tí òjò kì í jò lé lórí mọ́. N ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó máa gbé abẹ́ páànù jíjò nítorí fọ́tò.

Ohun tí kò dáa ni bí òkè fúnra rẹ̀ ṣe di àpatì. Ilé ti gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé tòsí Láyípo, àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ.  Gbogbo àtúnṣe tí mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe, ilé gogoro ni wọ́n ń sọ, ọ̀dà rẹ̀, ibi ìjókòó, ibi tí wọn yóò ti máa ta oúnjẹ. N ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ òkè.

Èéfín jẹ́n wà nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ Òkèbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán wà ní Òkè-Àdó, ní Òkè Bọ́là àti ní Dùgbẹ̀ láyé àwọn bàbá wa, àwọn tó ń gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sóde ìgbéyàwó, ó sì ṣòro kí ọ̀kan nínú wọn má ti gun Láyípo rí nínú oṣù Kẹta. Bí irú fọ́tò ìlú láìsí èéfín bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ yọ ọ́ kí ikán tó jẹ ẹ́. Bí wọn ò bá kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo páànù. Tí ẹ bá lè ka òrùlé tó wà láàárín Màpó àti Bẹẹrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ọjọ́ Òkèbàdàn ni wọ́n yà á.