Adelé Rélùwéè

Tí bọ́ọ̀sì JR, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè Japan, bá kọjá lójú títì lọ́hùn-ún, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa: alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yà síbẹ̀. Tsubame ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà ní èdè Japan. Ọkọ̀ ojú irin kan ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí, ọkọ̀ tó yá ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti Tokyo lọ sí Kobe ní oṣù Kẹwàá 1930. Oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni rélùwéè ìjọba gbé bọ́ọ̀sì tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ẹyẹ tó ń mọ ilé sára ògiri onílé: n kò rí àmì tó tún bá bọ́ọ̀sì tí rélùwéè ni mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Àwọn bọ́ọ̀sì aládàáni ló ti ń gba èrò mọ́ rélùwéè lọ́wọ́ kó tó wọ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, kì í ṣe ibi tó bá wù ú ló lè gbà. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń ṣe fún irin. Ó lè ṣáájú irin dé ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sí. Ó lè dípò irin níbi tí irin ò ti lè pa owó wọlé. Ó lè gé ọ̀nà kúrú láàárín ìlà méjì, tàbí kó máa kó àwọn ará abúlé wá pàdé ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Lójú tèmi, iṣẹ́ adelé ni gbogbo rẹ̀.

*

Láàárín Okazaki àti Tajimi ni adelé àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì 1930, ti jókòó. Irin ń bọ̀ níbẹ̀, òfin ti sọ bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún kọjá. Ní 1970 irin dé apá kan ọ̀nà náà, ẹrù nìkan ló sì ń kó. Ó di 1976 kí èrò tó wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì 1930 yẹn wà ní mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè ní Nagoya, ó kéré, ó rí bí àpótí, àwọn Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá, tò yí i ká bí àwọn ọmọ-ọmọ tó ga ju bàbá àgbà lọ.

*

Ní Hokkaido, ní àríwá Japan pátápátá, orí ilẹ̀ kan yọ sínú òkun tí wọ́n ń pè ní Erimo. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sinmi. Irin kan gba etí òkun wá láti ìwọ̀-oòrùn, ó dúró sí Samani. Òmíràn sọ̀ kalẹ̀ láti Obihiro, ó dúró sí Hiroo. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí méjèèjì pàdé lọ́jọ́ kan. Kí ọjọ́ náà tó dé, bọ́ọ̀sì rélùwéè á máa so wọ́n pọ̀, láti Samani gba Erimo lọ sí Hiroo.

Wọn ò pàdé. Irin Hiroo kú ní oṣù Kejì 1987. Ní oṣù Kìíní 2015, ìgbì òkun gbá ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin Samani, ọkọ̀ ò sì lè rìn mọ́. Wọ́n ṣírò owó àtúnṣe, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n bá àwọn ìlú etí òkun sọ ọ́ fún ọdún mélòó kan. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2021 ni wọ́n ti kìlómítà 116 nínú ìlà náà pa. Lọ́jọ́ yẹn bọ́ọ̀sì ṣì ń rìn. Stéṣọ̀n méjì tí ọkọ̀ ojú irin kankan ò dé mọ́ ló ń so pọ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn adelé púpọ̀. N kò tíì gbọ́ ti èyí tí ọba méjì tó ń retí jọ kú mọ́ ọn lójú.

*

Láàárín Shirakawa àti Tanagura, ní Fukushima, ogun ló kó irin lọ. Wọ́n nílò rẹ̀ fún nǹkan mìíràn ní 1944, wọ́n bá tú u. Nígbà tó di 1957, wọ́n sọ ojú ibi tí irin gbà di títì tí bọ́ọ̀sì rélùwéè nìkan lè gbà. Iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì JR Bus Kantō ṣì ń gba ibi tó kù nínú rẹ̀.

*

Gojō, ní ẹkùn Nara: wọ́n gbẹ́ òkè, wọ́n mọ afárá, wọn ò tẹ́ irin. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà náà ní 1965, ó sì gbà á títí di 2014. Àwọn òkè ibẹ̀ ni Kawase Naomi ti ya fíìmù rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn Caméra d'Or ní Cannes ní 1997, nípa ìdílé kan lábúlé tí rélùwéè ò dé.

*

Ọkọ̀ ni Yorùbá ń pe gbogbo rẹ̀: ti ojú irin, ti ojú omi, ti òfuurufú, ti ojú títì. Ẹni tó bá sọ pé òun ń lọ wọkọ̀ kò tíì sọ èyí tó jẹ́.

*

1969 ni wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ Tōmei já láti Tokyo dé Nagoya. Lọ́dún náà gan-an ni rélùwéè gbé bọ́ọ̀sì alẹ́ jáde, Dream ni wọ́n pè é, ilé ìyàgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Rélùwéè fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú irin alẹ́ tó ń lọ sí Osaka, Ginga. Shinkansen ń gbá Ginga níwájú, bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú ń gbá a lẹ́yìn. Ó sá eré ìkẹyìn ní oṣù Kẹta 2008. Bọ́ọ̀sì Dream ò dúró. Ìyá àti ọmọ ń pàtẹ ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyá ló kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́.

*

Wọ́n pín rélùwéè ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1987. Bọ́ọ̀sì bá ogún lọ, àwọn tó jogún sì wá ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀: ti Tokyo, Nagoya àti Osaka ní 1988, ti Hokkaido ní 2000, ti Kyushu ní 2001. 2004 ni ti Shikoku dá dúró, tí gbogbo wọn sì pé.

*

Òjò ńlá oṣù Keje 2017 ló ba irin jẹ́ láàárín Soeda àti Hita ní Kyushu. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ kí irin wọn padà. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n rí gbà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2023, JR Kyushu Bus ló ń wà á. Wọ́n da ọ̀dà sí ojú irin àtijọ́ fún nǹkan bíi kìlómítà 14. Ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè fún ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, ó gùn ju kìlómítà 4 lọ, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ní Soeda, níbi tí irin tó ṣẹ́ kù parí sí, ọkọ̀ ojú irin á dúró lápá kan, bọ́ọ̀sì á dúró lápá kejì. Pèpéle kan náà ni. Ìyá arúgbó tó gbé àpò dání ò ní í gun àtẹ̀gùn kankan.