Iná ò jó ọgbọ́n inú

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ò ráyè kọ̀wé, òǹkọ̀wé Buchi Emecheta ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Èkó ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ rẹ̀ dáná sun ìwé àkọ́kọ́ tí Emecheta fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó jáde. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ sí yunifásítì, ó sì ń kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sínú ìwé ìròyìn New Statesman. Àwọn àpilẹ̀kọ yẹn ló di In the Ditch ní 1972. Ó tún ìwé tó jóná kọ: The Bride Price, 1976. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Head Above Water, jáde ní 1986. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin yín.